Abúlé Mi Ni Wọ́n Pè Ní Ibi Tó Le

Yorùbá ni mo gbọ́ dàgbà. Òun ni ìyá mi fi ń bá mi wí, òun ni bàbá mi fi ń súre fún mi láàárọ̀, mo sì rò pé òun náà ni màá fi rìn ní Èkó tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ mí ní àlejò. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé Ṣàngótẹ̀dó ni èrò yẹn já sí asán. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pẹ̀lú àpò mi, mo bi ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí zẹ̀míjàn?"

"Zẹ̀ kí ni?"

Mo ní alùpùpù tó ń gbé èrò ni mò ń sọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀: "Wá gbọ́ Yorùbá Àgànyìn!" Kì í ṣe pẹ̀lú ìkà ló fi sọ ọ́. Ó tiẹ̀ bá mi gbé àpò náà dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ibi tí mo ti máa sọ̀ kalẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣàlàyé fún mi, bíi pé mi ò ní gbọ́ bó bá fi èdè ìyá mi sọ ọ́.

Ìgbó-Àparò ni wọ́n ti bí mi, lẹ́yìn Sàbẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì. Àwọn baba ńlá wa ní Ọ̀yọ́ ni àwọn ti ṣí wá. Òyìnbó wá fa ilà sáàárín wa, wọ́n kọ́ àwọn ará ìhín ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ àwa ní Faransé. Faransé yẹn ló gbé mi dé Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kí ń wá ẹni tó gbọ́ ọ tó sì tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kútọnù ni mo wà nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo wá, mo sì gba yàrá kan nínú agbo ilé Ìyá Kúdí.

Opó ni Ìyá Kúdí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti ń pẹja nínú ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó fi géètì sí ẹsíteètì kankan ní agbègbè náà. Ó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, èéfín rẹ̀ sì máa ń wọ gbogbo aṣọ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó jókòó tì mí, ó bi mí ibi tí mo ti wá. Mo ṣọ́ ẹnu mi, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fọ̀ bí wọ́n ti ń fọ̀ nílé yín, jàre." Mo gbójú sókè. "Fọ̀" ni ìyá mi máa ń sọ níbi tí àwọn tó kù l'Ékòó ti ń sọ pé "sọ̀rọ̀". Ara mi balẹ̀ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ díẹ̀ náà ni.

Iṣẹ́ wa ni pé à ń wá ọ̀gá àgbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà níbi tí ọ̀gá kì í fẹ́ lọ. Ibi ìwakùsà nínú aṣálẹ̀ Nìjẹ̀, oko ọ̀pẹ ńlá nínú igbó Kóńgò, irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti máa ń kó irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, àwọn tó ń gbé Lẹ́kí àti agbègbè rẹ̀ ni à ń bẹ̀: àwọn ẹnjiníà, àwọn mánéjà tó ti darí ilé-iṣẹ́ ńlá rí. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀hún, àwọn ni òyìnbó ibẹ̀, bí awọ wọn ti wù kó dúdú tó.

Ọ̀gá Dèjì ló ni ilé-iṣẹ́ wa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jókòó bó bá ń sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n má máa bá ọkọ nìkan sọ̀rọ̀. "Ìyàwó ló máa ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀," ló wí. "Ọkọ kàn máa ń fọwọ́ sí i ni." Nítorí náà, ilé wọn la máa ń lọ, èmi ni mo sì máa ń béèrè àwọn ìbéèrè tó le. Ta lẹ máa bá sọ̀rọ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ? Kí lẹ máa ń ṣe bí inú yín bá bàjẹ́, tí ẹni tó mọ̀ yín ò sì sí nítòsí? Ṣé ẹ ti gbé ibi tí wọn ò ti mọ ìgbà tí ẹ̀ ń ṣàwàdà rí?

Bí mo bá ti ń bi wọ́n, mo máa ń dáhùn nínú ọkàn mi. Èmi náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ń pè mí ní Madam Cotonou, wọ́n sì máa ń ní kí n sọ Yorùbá kí àwọn gbọ́, bí ẹni ń ní kí ọmọdé jó. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí. Mo kọ́ "abeg", mo kọ́ "ó ti sú mi jàre", mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju Gẹ̀ẹ́sì sáàárín ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ kòròpé kan bá mi jà lórí ṣéńjì ní Àjáh, mo sì fèsì fún un lọ́nà tí àwọn èrò fi ní, "Ọmọ Èkó lẹ ń bá jà o!" Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Nígbà tó yá, mo wá ń bẹ̀rù pé bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi ò ní dá ohùn mi mọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí nínú abúlé, àfi kéèyàn gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Màmá."

"Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa?"

"Wọ́n ń ṣe mí dáadáa."

Lẹ́yìn náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé-iṣẹ́ kajú. Lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn àjòjì ló ni ín. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ṣa kajú, tó ń ya èyí tó fọ́ kúrò lára èyí tó dára. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń mú kajú gbẹ. Ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin abúlé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ti lọ sí Kútọnù tún ń padà wálé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Dèjì pè wá jọ, ó gbé àwòrán ilẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó fi ìka kan ibì kan tí wọ́n fi àmì pupa sí.

"Ibi yìí le o," ló wí. "Kò sí iná ìjọba. Kò sí ọsibítù. Bí òjò bá dé, odò á gé ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa wọlé, kò sẹ́ni tó máa jáde. Mánéjà àkọ́kọ́ ò dúró ju ìgbà òjò kan lọ. Èkejì gba ìsinmi, kò padà mọ́. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti sọ fún mi: bí ẹni kẹta bá tún sá, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, wọ́n á kó ẹ̀rọ wọn lọ ibòmíì."

Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àmì pupa náà, bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́. Mo kà á léraléra kí n tó gbà pé Ìgbó-Àparò ni. Mi ò rí abúlé mi láti òkè rí, mi ò sì rò pé ọjọ́ kan á wà tí wọ́n máa fi àmì pupa sí i lára, bí ibi tí àrùn wà.

"Ìwọ, ilẹ̀ yín nìyí," ni Ọ̀gá Dèjì wí fún mi. "Ṣé o mọ ibẹ̀?"

"Mo mọ ibẹ̀ díẹ̀, sà."

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè ní kí ẹlòmíì ṣe iṣẹ́ náà, nítorí wọn kì í fẹ́ kéèyàn ní ẹbí níbi tó ń wá ọ̀gá fún. Èmi sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò di ọ̀gá lé ìyá mi lórí. Wọn ò tíì fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí mo bá ṣìṣe, mo lè pàdánù tèmi, kí àwọn ará ilé sì pàdánù tiwọn.

Láti ọjọ́ yẹn, oorun mi dín kù. Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí, ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní Lakowe ló ní ká ti wá bá òun. A jókòó sí ibi tí koríko ti dà bíi kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ tí àwọn tó ń kọ́lé ń fi òòlù lu irin. Ọkùnrin náà wo àwòrán abúlé wa, ó ní, "Ṣé ènìyàn ń gbé ibẹ̀ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. Mo mu omi gbogbo tó wà nínú ife mi kí n má baà sọ òmíràn.

Ẹnì kejì béèrè bóyá òun lè máa darí ilé-iṣẹ́ náà láti Lẹ́kí, lórí fóònù. Ẹnì kẹta gbà, àmọ́ ojú rẹ̀ kò gbà, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi sá.

Ẹnjiníà Akínṣọlá yàtọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Ó ti darí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí àwọn tó ni ín fi kógbá wọlé tí wọ́n sì fi Nàìjíríà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wà nílé. Kò béèrè ilé tí òun máa gbé. Ó béèrè pé, "Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ níbẹ̀, ta ni ń tún un ṣe? Bí òjò bá ń rọ̀ nígbà tí kajú ṣì wà níta, kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i?" Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé ẹni yìí ni. Ìbẹ̀rù mi wá pọ̀ sí i, nítorí ó ti wá ní ẹni tí mo lè pàdánù.

Ìyàwó rẹ̀ ló kù. Inú ẹsíteètì VGC ní Lẹ́kí ni wọ́n ń gbé. Èmi àti Ọ̀gá Dèjì pẹ́ ní géètì nítorí kóòdù tí wọ́n fún wa kò ṣiṣẹ́, àwọn sẹ̀kíórítì sì ń bẹ̀rẹ̀ wò wá láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Nígbà tí a wọlé, ìyàwó Ẹnjiníà fi sóbò tútù àti ṣín-ṣín ṣe wá lálejò. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Àǹtí Yétúndé. Ó ti jẹ́ olórí ilé-ìwé rí, ó sì ń wo ènìyàn bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn. Àwòrán àwọn ọmọ wọn tó wà ní Kánádà kún ara ògiri.

Ọ̀gá Dèjì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tútù, nípa jẹnẹrétọ̀ tuntun, nípa àwọn ènìyàn tó lọ́yàyà. Àǹtí Yétúndé gbọ́ ọ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ, o ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé ìwọ lè gbé ibẹ̀?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń mí lókè orí wa. Mo ti ń pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí ibi tí mo tún máa gbé e sí mọ́.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, mà."

Ọ̀gá Dèjì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ẹnjiníà Akínṣọlá gbójú sókè.

Àǹtí Yétúndé ò fi ìyàlẹ́nu hàn. Ó kàn sún mọ́ mi sí i. "Kí ló dé tí o fi kúrò?"

Ọ̀gá Dèjì wúkọ́. Mo mọ ohun tí ikọ́ yẹn ń sọ. Mo lè sọ pé iṣẹ́ ló gbé mi kúrò; òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò kúrò lára mi. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ. Mo rí i pé bí mo bá jẹ́ òun, ohun tí mo máa fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

"Ejò ló bu bàbá mi ṣán lóko, mà. Ìgbà òjò ni. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kan láti lọ sí Sàbẹ́, ṣùgbọ́n odò ti kún, ọkọ̀ ò lè kọjá. A dúró sétí odò, à ń retí kí omi fà. Orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá mi. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń bú odò náà. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá mi ní kí n máa lọ, kí n má dúró níbi tí odò ti ń yan ẹni tó máa yè."

Mo tún fi kún un pé, "Ìlú tó dára ni, mà. Wọn ò ní jẹ́ kí ebi pa á. Àmọ́ odò yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Dèjì wa ọkọ̀ jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ṣé torí kí o lè lé oníbàárà ni mo ṣe gbà ọ́ síṣẹ́? Ọkùnrin kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Abúlé yín mà ni! Wọn á tì í pa, ìwọ lo sì máa fà á." Ó mí kanlẹ̀. "Máa lọ sílé. Bí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá pè."

Mo jókòó sí yàrá mi ní Ṣàngótẹ̀dó, mò ń wo fóònù tí kò dún. Lójú mi, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Dèjì kì í ṣe irọ́. Mo ti sọ òtítọ́ fún obìnrin kan tó wà nínú ilé tútù, mo sì lè ti fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó tọ́ mi. Ìyá Kúdí wọlé wá bá mi, ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. Mo rò ó fún un.

"Ọ̀rọ̀ tó ti jáde ò ṣeé gbé mì mọ́," ló wí. "Oúnjẹ nìkan ló ṣì ṣeé gbé mì. Jẹun."

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mi pè. "Wọ́n ní mánéjà tuntun ń bọ̀ láti Èkó! Ṣé o gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Èkó tóbi, Màmá," ni mo wí. Mo ní kó ṣọ́ra bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, mo sì tètè pa fóònù.

Àǹtí Yétúndé ló pè mí fúnra rẹ̀. "Wá rí mi. Ìwọ nìkan, má mú ọ̀gá rẹ wá."

Mo lọ bí ẹni tí wọ́n pè sí ilé ẹjọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga kan náà.

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá fi iṣẹ́ lọ ọkọ mi," ló wí. "Gbogbo àwọn tó ti wá, wọ́n ní kò sí ewu. Ìwọ nìkan lo sọ ibi tí ewu wà fún mi. Ẹni tó bá fi kòtò hàn mí, mo lè rìn lẹ́yìn rẹ̀."

Ẹnjiníà wá sọ pé òun ti ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Òun á lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe afárá sórí odò yẹn. Bí wọn ò bá ṣe é, òun ò lọ. Wọ́n ti gbà.

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, Àǹtí Yétúndé sì fà mí dìde. Àmọ́ nínú kòròpé tí mo wọ̀ padà, nǹkan kan há mi láyà. Láti kékeré mi ni Ìgbó-Àparò ti ń bẹ̀bẹ̀ fún afárá. Baálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àwọn ìjọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tó wọ aṣọ ìmúròde lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, àwọn á wò ó. Ọkùnrin kan tí kò tíì débẹ̀ rí wá sọ gbólóhùn kan láti VGC, wọ́n sì gbà. Inú mi dùn, ó sì tún ń ta mí. Títí di òní, mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bóyá ohun tó ń jẹ́ àjò gan-an nìyẹn: kéèyàn dúró níbi tí ohùn ti ń dé ibi tí ohùn àwọn ará ilé kò lè dé, kó sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Dèjì ò tọrọ àforíjì. Ó kàn fi ìwé tó fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni kí n máa kọ́kọ́ bá àwọn ìyàwó sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi ròyìn rẹ̀ láti orí àpáta: ó jẹ́jẹ́, kì í pariwo, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílé wa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ afárá náà. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn yá ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn òpó afárá ti dúró, wọn ò tíì tẹ́ orí rẹ̀, nígbà tí ọ̀run ṣí.

Ọjọ́ Àìkú kọjá, ìyá mi ò pè. Àǹtí Yétúndé pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: fóònù ọkọ òun ò wọlé mọ́. Ó tún pè ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kajú ní Kútọnù ní àwọn náà ò gbúròó ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkọ̀ tó lọ wò ó ń padà láti etí odò.

Ní àárọ̀ Sátidé, Àǹtí ní kí n wá. Òjò ti ń rọ̀ ní Èkó náà. Omi gba títì ní Àjáh dé ìdajì táyà ọkọ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo fẹsẹ̀ rìn níbi tí kòròpé ò lè dé. Ìrònú kan ṣoṣo ló wà lórí mi: mánéjà kẹta ti sá, tàbí ohun tó burú ju sísá lọ ti ṣẹlẹ̀, ìyá mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àǹtí Yétúndé ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Kò de gèlè, kò lo ìpara. Ó fún mi ní táwẹ́ẹ̀lì, ó jókòó, ó sì wò mí.

"Ìwọ lo mú un lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo mọ̀ pé èmi náà ní kó lọ. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan bá wí."

"Ẹ bá mi wí, mà. Ìyá mi wà níbẹ̀."

Mo rò pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń pè, òun ń pe ọkọ rẹ̀, èmi ń pe ìyá mi, ohùn obìnrin kan náà sì ń sọ fún àwa méjèèjì lédè Faransé pé a ò lè bá ẹni tí a ń pè sọ̀rọ̀. Ó bi mí ohun tí obìnrin náà ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, Àǹtí á ní, "Mo ti gbọ́ ẹ, ìyá."

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà ìyá mi ni. Ohùn ọkùnrin ló jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Akínṣọlá nìyí."

Mo gbé fóònù náà sí gbangba kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Àǹtí Yétúndé kígbe orúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ó ní ìjì ló wó òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà ní òdìkejì odò, omi sì wọ inú fóònù òun. Kí odò tó kún, òun ti fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kó àwọn aboyún àti arúgbó tí ara wọn ò yá lọ sí Sàbẹ́. Awakọ̀ ní kí òun tẹ̀ lé àwọn, pé àyè ṣì wà.

"Kí ló dé tí o ò tẹ̀ lé wọn?" ni Àǹtí bi í.

"Kajú wà níta, Yétúndé. Gbogbo abúlé ló ń kó o wọlé, ọmọdé àti àgbà. Báwo ni mo ṣe máa jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé?" Ó sinmi díẹ̀. "Òní ni òjò dá díẹ̀. Ìyá yìí ló ní nẹ́tíwọ̀kì míì máa ń fẹ́ wá láti òkè níbí. Òun ló fà mí lọ́wọ́ gun àpáta. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì.

"Fún mi ní ìyá náà," ni Àǹtí Yétúndé wí. Ó mú fóònù náà kúrò ní gbangba, ó gbé e sétí, ó sì rìn lọ sí ìdí fèrèsé. Mi ò gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ. Mo kàn ń rí ẹ̀yìn Àǹtí, mò ń gbọ́ "Ẹ ṣé, mà," mò ń gbọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," bí ọmọ ilé-ìwé tó wà níwájú olùkọ́. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Nẹ́tíwọ̀kì já. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Ó ní òun ló ń se oúnjẹ fún ọkọ mi. Ó ní kí n má fòyà, pé ó ń jẹ iyán bí ọmọ bíbí ibẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ó wá ní, 'Ìyá, ọkọ yín wà lọ́wọ́ wa níbí. Ọmọ mi náà wà lọ́wọ́ yín lọ́hùn-ún.'"

Àǹtí Yétúndé wo ẹsẹ̀ mi tí ẹrẹ̀ Àjáh ti gbẹ sí lára, ó wo aṣọ mi tó ṣì tutù.

"Dìde nílẹ̀," ló wí, ó sì kọjú sí ọ̀nà kíṣìnì. "Kí lo ti jẹ láti àárọ̀?"